Kọ̀ǹpútà Ọlọ́gọ́rùn-ún Dọ́là àti Ọmọ Abà Ìbàdàn

Ará Ìbàdàn a máa ní ilé méjì. Ọ̀kan wà nígboro, ní agbo-ilé baba ńlá rẹ̀. Èkejì wà lóko, ní abà kan lọ́nà Akanran, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá tàbí Mọ́níyà. Láyé àtijọ́, igboro ni ìwé ń gbé. Kúdẹtì, láàárín ìlú, ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1853, ó sì pẹ́ títí lẹ́yìn ìyẹn kí àgbẹ̀ tó lè rí ọmọ rẹ̀ kọ́ níwèé láìjẹ́ pé ó yọ ọ́ kúrò lóko, kó fà á lé ẹbí kan lọ́wọ́ nílùú. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú tí ayé pariwo rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn kò fi dé àwọn abà wọ̀nyí, n kò rò pé Amẹ́ríkà ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohun èlò tó ti dé abà ṣáájú rẹ̀, tó sì bá wọn gbé, ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ohun tí mo rí nínú ìtàn wọn ni pé olówó pọ́ọ́kú nìkan kì í mú ohun èlò dúró lábúlé. Ó ń dúró níbi tí ẹni tó lè fi kọ́ni àti ẹni tó lè tún un ṣe bá wà nítòsí.

Ẹ wo síléètì. Nígbà tí S.O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1952, kò ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí lọ́la. Ó ju ọdún méjì lọ tí wọ́n fi múra sílẹ̀: wọ́n ka ọmọ, wọ́n kọ́ kíláàsì, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kún èyí tó wà nílẹ̀. Owó orí tí wọ́n bù lé e, ṣílè mẹ́wàá àti sísì, bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ nínú gidigidi. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́wọ́ NCNC, ẹgbẹ́ tí Adégòkè Adélabú jẹ́ akọni rẹ̀ n'Ìbàdàn. Síbẹ̀, ìjọba Awólọ́wọ̀, olórí Action Group, kò yẹsẹ̀. Ní January 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀, iye ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan. Síléètì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn: òkúta dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n fi igi gbá létí, pẹ̀lú ohun ìkọ̀wé rẹ̀ tó máa ń han bí wọ́n bá fi kọ nǹkan. Omi díẹ̀ tàbí itọ́ ni wọ́n fi ń nù ún. Bó bá já bọ́ tó fọ́ sí méjì, ọmọ á mú èyí tó tóbi níbẹ̀, á máa fi ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ. Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀kọ́ ìgbà náà ní àbùkù, pé kíláàsì kún àkúnfàya, pé ọ̀pọ̀ tíṣà kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tíṣà náà wà níbẹ̀, ó ń gbé láàárín wọn, kò sì sí ohun tó lè ṣe síléètì tí kò ní rí ọgbọ́n dá sí.

Rédíò náà jẹ́rìí sí i. Asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí Rediffusion tó dé Ìbàdàn ní 1939, orí wáyà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà. Ibi tí wáyà bá parí sí ni ohùn parí sí, kò sì dé abà. Tẹlifíṣọ̀n WNTV tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù October 1959, iná mànàmáná lòun náà ń wá. Rédíò alábátìrì ló wọ oko ní tirẹ̀. Àgbẹ̀ a rà á lẹ́yìn tó bá ta kòkó, a gbé e kọ́ ẹ̀ka igi bó ti ń roko. Nígbà tó bá rẹ àwọn bátìrì náà, a tò wọ́n sórí páànù kí oòrùn pa wọ́n, kí wọ́n lè tún sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Kò sí ẹni tó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn lórí èyí.

Ìgbà tó di January 2005, Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, kéde ní Davos pé òun fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò ní ju 100 dọ́là lọ, tí àwọn ìjọba yóò máa rà ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní November ọdún náà, òun àti Kofi Annan fi àpẹẹrẹ rẹ̀ han ayé ní Tunis, tòun ti ọwọ́ tí wọ́n ń yí kí iná lè wọ inú rẹ̀. N kò ní bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà, tí wọ́n pè ní XO, jáde, ojú rẹ̀ ṣeé kà nínú oòrùn ọ̀sán gangan, rọ́bà bo ibi ìtẹ̀wé rẹ̀ kí eruku má baà wọlé, iná tó ń jẹ kò sì tó nǹkan. Ẹni tó ṣe é ro ti abúlé. Ìjọba Ọbásanjọ́ ní òun yóò ra mílíọ̀nù kan. Ní 2007, wọ́n kó nǹkan bí 300 lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima l'Ábújá láti fi dán an wò. Ilé-iṣẹ́ Intel náà kó kọ̀ǹpútà Classmate tirẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Jabi, nílùú kan náà. Kí ọdún náà tó parí, owó XO ti di 188 dọ́là, ìjọba ti yí padà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tuntun, Igwe Aja-Nwachukwu, sì ti béèrè pé kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe fún ọmọ tí kò rí àga jókòó, tí kò ní aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-iṣẹ́ Lancor tún gbé àwọn tó ṣe XO lọ sílé-ẹjọ́ l'Ékòó lórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé tí a fi lè tẹ àmì ohùn èdè wa. Ó dùn mí pé bọ́tìnnì ni wọ́n ń jà lé lórí, tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè irú ìwé Yorùbá tí ọmọ yóò bá nínú ẹ̀rọ náà. Mílíọ̀nù kan yẹn kò dé.

Ìbéèrè mínísítà yìí bọ́gbọ́n mu, àmọ́ kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé àga ló ní láti pé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ètò 1955 ì bá má wáyé rárá. Àwọn mìíràn ní ká ní owó rẹ̀ dúró sí 100 dọ́là ni, ọ̀rọ̀ ì bá dára. Peru ra èyí tó lé ní 800,000. Nígbà tí ìwádìí báńkì ìdàgbàsókè Inter-American jáde ní 2012, láti ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko tó lé ní 300, ìmọ̀ ìṣirò àti ìwé kíkà àwọn ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà kò ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Uruguay ló ṣe é tó dúró. Láti 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Plan Ceibal, pẹ̀lú àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe, bíbójú tó íntánẹ́ẹ̀tì àti kíkọ́ tíṣà. Lóòótọ́, orílẹ̀-èdè kékeré ni, iná wọn kì í sì í ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n wọ́n ka owó alátùn-únṣe àti ti tíṣà mọ́ owó ẹ̀rọ, ohun tí àwa kò ṣe nìyẹn.

Nítòsí wa níbí, Ọ̀ṣun ló sún mọ́ ọn jù. Ní June 2013, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣí aṣọ lójú Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, wọ́n sì ní 150,000 ni àwọn yóò pín. Wọ́n kó ìwé-ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀ kí ọmọ má baà máa wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri. Ọgbọ́n gidi ni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìfẹ́ gómìnà kan ló gbé e dúró, ó sì rọlẹ̀ bí ìjọba rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ fi wé iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Ífẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Kí wọ́n tó dé kíláàsì, wọ́n ti ń kọ ìwé tí wọn yóò lò, wọ́n sì ń kọ́ tíṣà tí yóò lò ó. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Kò sí ààrẹ tó pín fóònù fún abà. Láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001, fúnra rẹ̀ ló wọ ibẹ̀. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ gbé tábìlì síta, ó ń gbowó ṣájì. Àwọn obìnrin ń ta káàdì lábẹ́ agboòrùn. Ní Mọ́níyà àti Ẹgbẹ́dá, àwọn ọ̀dọ́kùnrin jókòó ti fóònù tí wọ́n ti tú palẹ̀, pẹ̀lú bọ́rọ́ọ̀ṣì àti irin gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà. Bí ìjọba kankan bá tún fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà wá fún ọmọ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà. Kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tó máa ń tètè bàjẹ́, iye tí wọ́n ń tà á nígboro, àti iye ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n lè gbà, kí wọ́n tó lọ bá ẹnikẹ́ni ná owó ẹ̀rọ lókè òkun.