Àpáàdì Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Èlò Ìkọ́lé ní Ilé-Ifẹ̀ Àtijọ́

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tí ó jọba ní Ilé-Ifẹ̀, ni ó pàṣẹ kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà, nítorí pé ẹrẹ̀ ta sí i láṣọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí onítàn bi ara rẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ àṣẹ ọba kan ṣoṣo tó láti ṣe àlàyé iṣẹ́ yìí?

Ẹ̀rí inú ilẹ̀ fi hàn pé kò tó. Frank Willett bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní Ìta Yemòó ní 1957. Peter Garlake sì gbé àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ọbalára jáde ní 1974. Kì í ṣe ojú ọ̀nà nìkan ni wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà ní àgbàlá àárín ilé àti ní ojúbọ. Láàárín nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni púpọ̀ nínú wọn bọ́ sí, èyí tí ó ju ìgbà ayé ọba kan lọ.

Ìdí tí àpáàdì fi yẹ fún iṣẹ́ náà kò ṣòro láti rí. Nínú ilé tí ó ní àgbàlá láàárín, ibẹ̀ ni omi òjò orí òrùlé ń dà sí. Omi a máa wọ́ ilẹ̀ lásán lọ, ṣùgbọ́n amọ̀ tí ó ti jiná kì í yọ́ mọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àpáàdì ni ó tó ko iná lójú. Ó tó ko òjò lójú pẹ̀lú. Òòró ni wọ́n ń tò ó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a kọjú sókè. Wọn a dá ìlà kan sí ọ̀tún, wọn a dá èyí tí ó tẹ̀ lé e sí òsì. Nígbà mìíràn, wọn a fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sí àárín wọn.

Ṣùgbọ́n títò ní òòró ń gba àpáàdì púpọ̀ ju títẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lọ. Ìkòkò tí ó fọ́ nínú ilé kan kò lè tó. Ó di dandan kí wọ́n ṣà á jọ láti orí ọ̀pọ̀ ààtàn. Níbi yìí ni ìtàn Lúwòó ti wúlò. Bí kò bá tilẹ̀ fi ẹni tí ó dá ọgbọ́n náà sílẹ̀ hàn, ó ń rántí àṣẹ tí ó lè pe ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sí iṣẹ́ kan. Kò yẹ kí onítàn dà á nù.

Lónìí, ìpìlẹ̀ ilé titun ń gé àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí já ní Ilé-Ifẹ̀. Àpáàdì tí ọkọ́ bá hú jáde láìsí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ààtàn ni ó tún ń padà sí, ẹ̀rí rẹ̀ a sì parẹ́.