Orírun Ọmọ Kì Í Ṣe Àṣírí Òbí



Nínú gbogbo ire tí a ń tọrọ lọ́wọ́ Ifá, ire ọmọ kì í gbẹ́yìn. Ẹni tó ń wá ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti wá ìrànlọ́wọ́: àgbo tí àwọn àgbà ń sè fún un àti omi Ọ̀ṣun tí wọ́n ń bù fún un, ìrànlọ́wọ́ náà ni. Ìbéèrè tó kù ni èyí: bí àtọ̀ tàbí ẹyin ẹlòmíràn bá ni a fi bí ọmọ, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi í pamọ́ fún ọmọ náà? Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti dán ìfipamọ́ yìí wò, ìtàn rẹ̀ sì kọ́ni lọ́gbọ́n.

Ní àwọn ọdún 1940, dókítà obìnrin kan, Mary Barton, àti ọkọ rẹ̀, Bertold Wiesner, ń ran àwọn tọkọtaya tí àtọ̀ ọkọ kò lè di ọmọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Wọn a gba àtọ̀ ọkùnrin mìíràn, wọn a sì gbé e sínú ara ìyàwó. Ní 1945 wọ́n kọ̀wé nípa iṣẹ́ náà, ariwo sì ta. Ní 1948, ìgbìmọ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury gbé kalẹ̀ dábàá pé kí ìjọba sọ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ di ọ̀ràn ìjìyà. Ìjọba kò ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú sọ ohun gbogbo di awo. Àwọn òbí pa ẹnu mọ́. Wọ́n sì run àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn náà.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a bò mọ́lẹ̀ tí kì í hù. Nígbà tí àyẹ̀wò DNA dé, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, tí irun ti ń funfun lórí wọn, rí i pé Wiesner fúnra rẹ̀ ni bàbá púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ bàbá kan náà ti ń gbé ìlú kan náà láìmọ ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èèwọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ rí ewu tó wà níbẹ̀: tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè fẹ́ ara wọn láìmọ̀.

Ní 1978 wọ́n bí Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tí ẹyin àti àtọ̀ rẹ̀ pàdé lóde ara ìyá. Èyí ló mú kí ìjọba Bírítéènì gbé ìgbìmọ̀ Mary Warnock kalẹ̀, tó jábọ̀ ní 1984. Òfin 1990 pàṣẹ pé kí àkọsílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó fi àtọ̀ tọrẹ ṣì wà ní ìpamọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí báyìí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Láti 1 oṣù kẹrin 2005, òfin yí padà: ẹnikẹ́ni tó bá fi àtọ̀ tàbí ẹyin tọrẹ gbọ́dọ̀ gbà pé ọmọ náà lè mọ orúkọ òun nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 18.

Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi rìn kó tó dé ibi tí àṣà wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwa a máa ṣe àkọsẹ̀jayé fún ọmọ tuntun, kí a lè mọ odù tó bá a wáyé, òrìṣà tí yóò bọ àti èèwọ̀ rẹ̀. Bí àbúrò ọkọ bá ṣú opó láyé àtijọ́, gbogbo agbo ilé ló mọ ẹni tó bí ọmọ tí wọ́n bí, oríkì rẹ̀ kò sì sọnù.

Mo mọ ẹ̀gàn tí àwọn ènìyàn ń sọ sí ọkùnrin tí kò bímọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń mú ọ̀pọ̀ pa ẹnu mọ́. Ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ tó sì tọ́ ọ ni bàbá rẹ̀. Òtítọ́ kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹ gba ìtọ́jú, ẹ dífá sí i, ẹ sì fi orírun ọmọ lé ọmọ lọ́wọ́ nígbà tó bá tó.

Ire ọmọ yóò jẹ́ tiwa. Àṣẹ.