Nígbà Tí Àwọn Ará Àrò Gba Aláìsàn Ọpọlọ Sílé

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń polongo ìlera ọpọlọ nílẹ̀ wa: àṣà wa ni kò jẹ́ ká wá ìtọ́jú. Irọ́ kọ́ pátápátá. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á lówe pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, mọ ohun tó ń wí. Títí dòní, ẹbí tó bá ń ṣèwádìí àfẹ́sọ́nà ọmọ wọn kò ní ṣàì bèèrè bóyá àrùn ọpọlọ ń rìn nínú ìdílé náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi àìsàn náà pa mọ́ títí yóò fi burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìtìjú ni gbogbo àlàyé, ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní Àrò, nítòsí Abẹ́òkúta, lọ́dún 1954 kì bá tí ṣẹlẹ̀. Ìtàn ibẹ̀ jẹ́ ká rí i pé irú ibi tí a bá pe aláìsàn sí ló ṣe kókó ju ìwàásù tí a fi pè é lọ.

Ibo ni wọ́n ń pè é sí tẹ́lẹ̀? Ilé wèrè wà ní Calabar láti 1904, òfin ìjọba amúnisìn lórí wèrè jáde ní 1906, ti Yábàá sì ṣí ní 1907. Wọn ò torí ìwòsàn kọ́ wọn. Ẹni tó ń da ìgboro rú, tí wọ́n fi òfin mú, ni wọ́n ń tì mọ́bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí dókítà tó kọ́ṣẹ́ àrùn ọpọlọ tó débẹ̀. Ní 1944, nígbà tí àwọn sójà tí ogun ti da orí wọn rú ń padà bọ̀, ibi tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ ní Lántòrò, l'Abẹ́òkúta, ni wọ́n kó wọn sí. Ìyá tí kò fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ sírú ibẹ̀, ṣé àìmọ̀kan ló ń dà á láàmú?

Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ti ọpọlọ ní London. Nígbà tó dé Àrò ní 1954, ilé ìwòsàn tí ìjọba ń kọ́ kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá jókòó dè é. Lambo lọ bá àwọn àgbà ìletò tó yí ibẹ̀ ká, pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé bí ayálégbé. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá o: ìyá, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó tàbí ìbátan mìíràn ní láti bá a gbé, kó máa dáná fún un, kó máa fọṣọ rẹ̀, kó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti gba òògùn òyìnbó tàbí ìtọ́jú oníná mànàmáná tán, ó di ìletò, níbi tí oko, ọjà, ayẹyẹ àti ìjọsìn ti ń lọ bó ṣe máa ń lọ. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n fi kún yàrá wọn, ó sì bá wọn tún ọ̀rọ̀ omi àti ilé ìyàgbẹ́ ṣe. Ẹbí tó bá aláìsàn wá ń fojú ara rẹ̀ rí bí ara ṣe ń yá a, nígbà tí wọ́n bá sì padà sílé, ó mọ ohun tó yẹ kó ṣọ́. Ní 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti péjọ fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Àwọn tó sì ń gba aláìsàn sílé yìí, Yorùbá tó ń pa òwe wèrè náà ni wọ́n.

Ẹnì kan lè ní owó ilé ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ló burú níbẹ̀? Ẹ̀rù tí owó ilé lè lé lọ kò lágbára tó bí a ṣe rò. Àtakò tó nípọn jùyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ tí Lambo mú mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń lo ṣẹkẹṣẹkẹ àti pàṣán. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch ṣì rí àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní ilé oníṣègùn, ilé ìjọsìn, àní ilé ìjọba pàápàá. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ nípa ìdílé àti ohun tó ń ba ọkàn àwọn èèyàn wọn jẹ́ ni Lambo ń wá lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe ṣẹkẹṣẹkẹ. (Wọn ò ṣófo ní ti egbòogi náà: asófẹ́yẹjẹ tí wọ́n ń lò bá igi tí àwọn onímọ̀ ti yọ òògùn ọpọlọ tó ń jẹ́ reserpine jáde ní 1952 tan.)

Èyí tó wúwo jù ni pé ayé ìletò ti lọ. Ìgboro ti fẹ̀, òṣìṣẹ́ Èkó kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nítorí àbúrò rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé alámọ̀ ló ṣiṣẹ́ náà. Ìsúnmọ́ ilé ni, àti ẹbí tí wọn ò lé sẹ́yìn. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2023, tó rọ́pò òfin wèrè 1958, fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ lórí ìwé, síbẹ̀ “wọ́n máa gbé ẹ lọ sí Àrò” ṣì jẹ́ èébú. Bí ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀, tí ayé sú, bá lè rí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ ní ilé ìlera àdúgbò tí wọ́n ti ń wo ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó tì í, ta ló máa mọ̀ pé tìtorí ọpọlọ ló ṣe wá?