Láti Ẹsẹ̀ sí Fóònù: Iṣẹ́ Ìgbáyégbádùn Aráàlú ní Èkó Lásìkò Kòrónà, 2020

Láti àwọn ọdún 1940, nígbà tí Donald Faulkner di òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn aráàlú àkọ́kọ́ ní Èkó, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí: òṣìṣẹ́ a wọ ọjà, a wọ agbolé, a fojú ara rẹ̀ rí ẹni tí a fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Òfin kónílé-ó-gbélé tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, 2020, dá ẹsẹ̀ náà dúró. Fóònù ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ẹ̀ka tí ìjọba Èkó ti dá sílẹ̀ ní 2014 láti gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé ní kí aráàlú máa pe òun. Ẹjọ́ tí wọ́n gbọ́ sì pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n obìnrin tí òun àti ọkọ tí ń lù ú jọ há sínú yàrá kan ṣoṣo, níbo ni yóò ti dá ìpè náà pè? Àkọsílẹ̀ ìpè ni àwa òpìtàn yóò bá nílẹ̀, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú rẹ̀. Ní tèmi, àwọn alábàágbé tí wọ́n gbọ́ igbe láti ẹ̀yìn ògiri ni ó yẹ kí a tètè fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kí wọ́n tó gbàgbé.