Èbúté Salvador: Ohun Tí Ojú Àlejò Kì Í Rí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò a máa ní ojú ńlá, ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Bí òwe yìí bá kan ẹnikẹ́ni, ó kan àwọn arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ń já sí èbúté Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ilẹ̀ Brazil. Ọkọ̀ a gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ ó tó ṣú, ó ti tún ṣíkọ̀. Kí ni ènìyàn lè rí láàrin ìwọ̀nba wákàtí bẹ́ẹ̀? Fún ọmọ Yorùbá, ìbéèrè yìí ju ti ìgbafẹ́ lọ, nítorí pé ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti já àwọn ènìyàn wa sílẹ̀ nínú ìdè.

Ní ọdún 1549 ni Tomé de Sousa, gómìnà àkọ́kọ́ tí ọba Potogí rán sí Brazil, tẹ ìlú náà dó. Salvador ni olú-ìlú Brazil títí di ọdún 1763, tí wọ́n gbé ipò náà lọ sí Rio de Janeiro. Oko ìrèké àti oko tábà ni ó sọ agbègbè náà di ọlọ́rọ̀, ọwọ́ ẹrú ni ó sì ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó gúnlẹ̀ sí Bahia ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń wó, tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan, àwọn ènìyàn wa wá di ẹ̀yà tí ó pọ̀ jù lọ láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà ìlú náà. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀.

Ní tòsí èbúté ni ọjà Mercado Modelo wà. Ilé kọ́sítọ́ọ̀mù ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1861 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún 1971 sì ni ọjà kó wọ inú rẹ̀. Ilé náà ní yàrá abẹ́-ilẹ̀ kan tí omi máa ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ fún àlejò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú àwọn ẹrú tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Ọ̀rọ̀ náà a máa mú omi bọ́ lójú ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ọdún wé ọdún. Òfin ọdún 1850 ni ó fòpin sí kíkó ẹrú gba orí òkun wọ Brazil, ọdún mọ́kànlá ṣáájú ọdún tí a fún ilé náà. Báwo ni ilé tí kò tíì sí yóò ṣe gba àwọn tí ọkọ̀ kó dé? Kì í ṣe pé a fẹ́ fojú kéré ìyà tí ó jẹ wọ́n, nítorí oko ẹrú gan-an kò parí níbẹ̀ títí di ọdún 1888. Ohun tí a ń sọ ni pé òtítọ́ ìyà náà tóbi tó. Kò nílò àbùmọ́.

Bí ènìyàn bá fẹ́ ẹ̀rí, kí ó wọ Elevador Lacerda tí ó wà nítòsí ọjà náà, ẹ̀rọ tí ó ti ń gbé ènìyàn láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sí òkè ìlú láti ọdún 1873. Ní gbàgede tí ó ń já ènìyàn sí ni ilé ìgbìmọ̀ ìlú wà. Àlejò a ya fọ́tò, a sì bá tirẹ̀ lọ. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé abẹ́ ilé yẹn ni ọgbà ẹ̀wọ̀n wà ní ọdún 1835, àti pé ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù sáré wá ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù kìn-ín-ní, láti tú àgbàlagbà kan sílẹ̀. Pacífico Licutan ni orúkọ rẹ̀, Nagô ni, ó sì jẹ́ àgbà nínú ẹ̀sìn. Kò jalè, kò pààyàn. Gbèsè ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ tì í mọ́lé, bí ẹrù tí a fi dógò.

Nǹkan bí 600 ènìyàn ni ó dìde ní òru náà. Wọn kò rí Licutan gbà sílẹ̀. Ó lé ní 70 ènìyàn tí ó kú, àwọn tí ó dìde ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ni Jorge da Cruz Barbosa, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè ní Ajahi. Ta ni kò mọ̀ pé Àjàyí ni? “Malê” tí ìwé ìtàn fi ń pe ọ̀tẹ̀ náà, “ìmàle” tiwa náà ni. Lẹ́yìn èyí, ìjọba lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà kúrò ní ìlú. Àwọn mìíràn fúnra wọn wá ọ̀nà ilé. Wọ́n wà lára àwọn tí a ń pè ní Àgùdà ní Èkó.

Láti gbàgede náà, ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 1985. Òpó tí wọ́n ń na ènìyàn mọ́ ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos wà, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kọ́ fúnra wọn. Àwọn obìnrin aláṣọ funfun a máa din acarajé nínú epo pupa. Àkàrà wa ni, tí a so “jẹ” mọ́. Ọ̀rọ̀ àti ẹ̀wà jùmọ̀ la òkun kọjá. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kò pọn dandan kí á wọ ọkọ̀ kí á tó rí Salvador. Ẹ ya àwòrán gbàgede náà sí ojú pátákó, kí ẹ kọ orúkọ Licutan àti ti Àjàyí sí i. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọdún 1850 àti 1861 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì sọ ohun tí ó rí. Ẹni tí ó bá ṣe èyí ti kúrò ní àlejò.