Àwọn Aṣáájú Tó Gbé Ìbàdàn, àti Oko Tó Bọ́ Wọn

Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí Alákìá, àwa ará Adégbayì a ti gbọ́ ariwo rẹ̀ kí a tó gbójú sókè. Ojú ọ̀nà Ifẹ̀ la wà, pápá ọkọ̀ òfurufú Ìbàdàn kò sì jìnnà sí wa. Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá ló ni àwa àti òun. Lọ́dún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá pè é. Nínú ìkéde kan náà, wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pe ti Port Harcourt. Àwọn méjèèjì ló gbé Ìbàdàn, àwọn méjèèjì ló ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn níbẹ̀, ìjà àárín wọn ló sì tú ilé Yorùbá ká nígbà náà.

Bí àwọn ènìyàn bá ń ka àwọn èèkàn orílẹ̀-èdè tó ti gbé Ìbàdàn rí, ilé ni wọ́n máa ń kà: ilé Awólọ́wọ̀ ní Òkè-Bọ́lá, ilé Akíntọ́lá ní Ìyágánkú, ilé gómìnà ní Àgodi, ilé Bọ́lá Ìgè ní Bódìjà. Kò burú, ṣùgbọ́n kò kún. Ẹsẹ̀ méjì ni Ìbàdàn fi dúró, ọ̀kan ní agboolé, ọ̀kan lóko. Ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún dáko ní abúlé kan lẹ́bàá Ẹgbẹ́dá yóò ṣì máa pe agboolé bàbá rẹ̀ ní ìgboro ní "ilé". Bí ọdún bá dé, ilé ló ń lọ. Bí ó bá kú sóko, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà, Olúyọ̀lé àti Ìdó yí ìgboro ká bí ọgbà. Owó tí àwọn aṣáájú fi ṣe ìjọba, ibẹ̀ ló ti jáde. Ìbínú tó mi ìjọba, ibẹ̀ ló ti dìde. Ibẹ̀ náà sì ni wọ́n gbé olórí orílẹ̀-èdè kan lọ pa.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ẹ wò ó: Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ wá, Akíntọ́lá ti Ògbómọ̀ṣọ́, Adékúnlé Fájuyì, tó wá di gómìnà ológun, ti Adó-Èkìtì, Ìgè jẹ́ ọmọ Ẹ̀sà-Òkè.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Awólọ́wọ̀ nígbà tó wọ Wesley College ní Ẹlẹ́kùró lọ́dún 1927. Ó tún padà wá ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra kòkó tà, ó sì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò. Nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ṣáájú ogun Hitler, ó jẹ gbèsè tó pọ̀. Mo fẹ́ràn láti máa rántí apá ìtàn yìí, torí ẹni tó wá fi owó kòkó kọ́ ọmọ àgbẹ̀ níwèé lẹ́yìn ọ̀la ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ nígbà tí ọjà bá kú. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1944, ó di agbẹjọ́rò, ó padà sí Ìbàdàn. Ní November 1949 ó dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀. Ní March 1950, òun àti àwọn ènìyàn díẹ̀ jókòó sí ilé rẹ̀ ní Òkè-Bọ́lá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group.

Ní January 1955, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ìparí oṣù October 1959, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ní 1965, Ilé Kòkó alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n parí ní Dùgbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà náà kì í san gbogbo owó tí kòkó pa lókè òkun fún un. Wọ́n ń yọ apá kan pamọ́, ìjọba sì ń yá a, ó ń ná an. Àgbẹ̀ tó fi àdá la kòkó, tó kó o sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó kẹ̀, tó sá a sórí ẹní títí ó fi gbẹ, òun ló san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ àti ti ọmọ ẹni tí kò ní igi kòkó kan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Awólọ́wọ̀ fún ọgbọ́n náà. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà tó.

Onílé ní tòótọ́ kan wà nínú àwọn èèkàn ìgbà náà, Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn. Ó ṣe mínísítà ní ìjọba àpapọ̀ ní 1955, lẹ́yìn náà ló di olórí ẹgbẹ́ alátakò nínú ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ó ń kojú Awólọ́wọ̀. Òkúta tó fi mọ ilé rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní àwọn ọdún 1940, ìjọba òyìnbó ti rán àwọn ènìyàn lọ sóko láti gé igi kòkó tí àrùn mú, ẹ̀ka wọn ń wú, ó ń kú. Wọ́n ní bí wọn ò bá gé e, yóò ran gbogbo oko. Òótọ́ ni àrùn náà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń wò bí wọ́n ṣe ń dá igi tí bàbá rẹ̀ gbìn lulẹ̀ kò ní fi orin pàdé wọn. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà tí Adélabú àti ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ rẹ̀ dé, ó sì sọ̀rọ̀ lédè tí ará oko gbọ́. Nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní Òdè Rẹ́mọ ní 25 March 1958, ìgboro àti abúlé dà rú. Àwọn ènìyàn gbà pé wọ́n pa á ni. Wọ́n pa àwọn tí wọ́n rò pé ó lọ́wọ́ sí i, ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Akíntọ́lá gba ipò lọ́wọ́ Awólọ́wọ̀ ní 1959. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn ní 1962, wọ́n fi àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀, Dókítà Majẹ́kódùnmí, tí ìjọba àpapọ̀ yàn, sì wá fi oṣù mélòó kan ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn. Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ní 1963. Ìbò 1965 di iná, "wẹ́tíẹ̀", ìyẹn dída epo bẹntiró sí ènìyàn àti ilé lára kí wọ́n tó dáná sun ún, gba ìlú kan. Ní òwúrọ̀ kùtù 15 January 1966, àwọn ṣọ́jà tó ń dìtẹ̀ gbàjọba yìnbọn pa Akíntọ́lá ní ibùgbé rẹ̀ ní Ìyágánkú, ìjọba sì bọ́ sọ́wọ́ ológun.

Bí Adékúnlé Fájuyì ṣe di gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn nìyẹn, tó kó wọ ilé ìjọba ní Àgodi. Akọni ni, ó ti gba àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà rẹ̀ lójú ogun Kóńgò. Kò lò tó oṣù méje lórí àga. Ní 28 July ọdún náà, olórí orílẹ̀-èdè, Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, wá bá àwọn ọba ṣèpàdé ní Ìbàdàn, ó sì sùn sọ́dọ̀ Fájuyì. Lóru, àwọn ṣọ́jà tó fẹ́ gbẹ̀san ikú àwọn tí wọ́n pa nínú ìdìtẹ̀ January yí ilé náà ká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá ṣọ́jà kan, Theophilus Danjuma, kó wọn wọlé, wọ́n mú Ironsi. Ohun tí a jogún lẹ́nu àwọn bàbá wa ni pé Fájuyì kò gbà kí wọ́n mú àlejò òun lọ kí òun dúró. Àjèjì ni òun náà nílẹ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn òun ni onílé.

Ọ̀nà Ìwó ni wọ́n gbé wọn gbà, wọ́n kúrò ní ìgboro, wọ́n wọ ilẹ̀ tó di Lágelú lónìí, títí dé igbó kan ní Lálúpọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa wọ́n ní 29 July 1966. Ìjọba kò kéde ikú wọn títí di January 1967. Wọ́n sin Ironsi sí Umuahia, wọ́n sin Fájuyì sí Adó-Èkìtì. Fún oṣù mélòó kan tó ṣáájú rẹ̀, ilẹ̀ Lálúpọn ti mọ ohun tí Nàìjíríà kò tíì gbọ́. Nígbàkígbà tí mo bá gba Olódò kọjá lọ sápá ibẹ̀, tí mo rí àwọn obìnrin tó gbé gbágùúdá sórí ń bọ̀ lójú ọ̀nà, mo máa ń rò ó pé àgbẹ̀ kan wà lóko láàárọ̀ ọjọ́ náà tó gbọ́ ìró ìbọn, tó rò pé ọdẹ ni.

Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ náà gbé Ìbàdàn. Ọmọ oko ni, ọmọ Ìbógùn. Ó ṣe tíṣà níbí nígbà tó kúrò ní ilé ìwé gíga, ó yege ìdánwò àtiwọ Yunifásítì Ìbàdàn, àmọ́ kò rí owó san. Iṣẹ́ ológun ló wọ̀ ní 1958. Nígbà ogun abẹ́lé, wọ́n gbé e padà sí Ìbàdàn ṣe olórí àwọn ọmọ ogun, kó tó lọ sójú ìjà ní 1969. Àsìkò yẹn gan-an ni oko dìde. Owó-orí ti pọ̀, kòkó kò pa owó gidi, àwọn wolé-wolé àti agbowó-orí ń da ẹ̀mí abúlé láàmú. Ní November 1968, àwọn àgbẹ̀ ya lọ sí gbọ̀ngàn Mápó ní ìgboro. Ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ní àwọn yóò san, kò gbọ́dọ̀ lé. Àwọn agbófinró yìnbọn lù wọ́n, àwọn kan kú. Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀kọ̀yà, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ náà, kò dẹ̀yìn. Olórí wọn, Tàfá Adéoyè ará Akànràn, ní Ọ̀nà-Àrà, di orúkọ tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn mọ̀. Ní September 1969 wọ́n já ẹ̀wọ̀n Àgodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀.

Ẹni tó wá bá wọn sọ̀rọ̀ ni Awólọ́wọ̀, tó ti kúrò lẹ́wọ̀n, tó ń ṣe kọmíṣọ́nà ìṣúná fún ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Òun àti Tàfá jọ fìmọ̀ ṣọ̀kan, owó-orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ó dùn mọ́ mi pé ọkùnrin tó ti ra kòkó tà rí ni wọ́n fetí sí, lẹ́yìn tí gómìnà ológun àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ títí.

Àwọn ológun míràn kàn kọjá ni. Muhammadu Buhari ṣe ọ̀gá Ẹ̀ka Kejì àwọn ọmọ ogun ní Ìbàdàn fún oṣù díẹ̀ ní 1981. Sani Abacha náà jókòó sí àga yẹn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì di olórí orílẹ̀-èdè. Bọ́lá Ìgè ti kàwé ní Ìbàdàn láti kékeré, ó ṣe gómìnà Ọ̀yọ́ níbẹ̀ láti 1979 sí 1983. Mínísítà ètò ìdájọ́ ni nígbà tí àwọn apànìyàn wọlé tọ̀ ọ́ ní Bódìjà ní 23 December 2001. Kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú náà.

Ibùdó Ẹ̀ka Kejì wà ní Odogbo lónìí, lápá Òjóò, nínú Akínyẹlé, níbi tí ọ̀nà ti ń jáde lọ sí Mọ́níyà. Adékúnlé Fájuyì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe bárékè náà. Àwọn ọmọ tó ń ta àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ ń pe orúkọ náà lójoojúmọ́, fún àwọn awakọ̀ tó ń béèrè ibi tí wọ́n máa yà sí.