John Howard, Ọ̀rẹ́ Àwọn Ẹlẹ́wọ̀n

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí adájọ́ bá sọ pé ẹnì kan kò jẹ̀bi, ṣebí ilé ni ó yẹ kí onítọ̀hún kọrí sí? Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí. Ọ̀pọ̀ olùṣọ́ ẹ̀wọ̀n kì í gba owó oṣù. Ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ti ń gba owó. Ẹni tí a dá sílẹ̀ tí kò rí owó náà san, inú túbú ni yóò padà sí.

Ní 1773, ìtọ́jú ẹ̀wọ̀n Bedfordshire bọ́ sí ọwọ́ John Howard. Ó wọ inú túbú lọ fúnra rẹ̀, ó sì rí ìrẹ́jẹ yìí. Ó bẹ àwọn adájọ́ pé kí wọ́n máa san owó oṣù fún olùṣọ́. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ hàn wọ́n. Howard gun ẹṣin láti àgbègbè dé àgbègbè, ìrẹ́jẹ kan náà ni ó ń bá pàdé, pẹ̀lú ibà tí ń pa ẹlẹ́wọ̀n. Ó ro ohun tí ó rí fún Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní 1774, wọ́n ṣe òfin méjì: ọ̀kan fòpin sí owó náà, èkejì pàṣẹ ìmọ́tótó. Ibà ni ó pa Howard ní Kherson ní 1790, lẹ́nu iṣẹ́ àánú yìí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wí fún ọ pé bí a ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí, má ṣe jẹ́ kí ìdáhùn náà tó ọ. Dìde, kí o lọ fi ojú ara rẹ rí i.